Níbo Ni Kí Ẹ Ti Ra Páúdà Purotéènì àti Oúnjẹ Aṣaralóore?

Láti ìgbà tí mo ti ń dúró lẹ́yìn káńtà ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ aṣaralóore, ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lọ ni pé ibo ló dára láti ra páúdà purotéènì, ìyẹn páúdà tó kún fún èròjà oúnjẹ tó ń kọ́ iṣan ara. Mo ti ta páúdà náà, mo ti ta epo ẹja, òótì, ẹ̀pà àti irúgbìn oríṣiríṣi, èmi náà ni mo sì ń bá àwọn tó ń kó ọjà wá dúnàádúrà. Ìdáhùn mi kò yí padà rí: ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ máa rí bá wí bí ọjà náà bá ní àbùkù. Bó ti wù kí ṣọ́ọ̀bù mọ́ tó, bó ti wù kí iṣan yọ lára ẹni tó ń polówó ọjà tó, ẹni tó máa dáhùn fún un lọ́la ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ẹ mọ iye tí ẹ nílò kí ẹ tó kúrò nílé

Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá nílò nǹkan bíi gíráàmù 0.8 purotéènì lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Bí ẹnì kan bá wọ̀n ní kílò 70, gíráàmù 56 ni tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé irin tàbí tó ń sáré gan-an lè nílò 1.4 sí 2.0 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Fún àwọn tó ti lé ní ọdún 65, ọ̀pọ̀ onímọ̀ nípa oúnjẹ ló ní kí wọ́n jẹ tó 1.0 sí 1.2, torí pé iṣan ara máa ń dínkù bí ọjọ́ orí ṣe ń pọ̀ sí i.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ ti ń jẹ. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6. Àyà adìẹ tí wọ́n ti sè, gíráàmù 100 rẹ̀ ní nǹkan bíi 30. Ẹ̀wà sísè, gíráàmù 100 rẹ̀ ní 8 tàbí 9. Ẹ kọ oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì rò ó pọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó wá bá mi ló jẹ́ pé oúnjẹ wọn ti tó wọn, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó náwó. Ọ̀gá mi kò fi ìyẹn bá mi jà rí, torí ẹni tí a bá sọ òótọ́ fún máa ń padà wá ra nǹkan mìíràn.

Àwọn tí páúdà náà wúlò fún ni àgbà tí oúnjẹ kì í wù mọ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn, ẹni tí kì í jẹ ẹran, àti ẹni tó ń ti ibi ìdárayá bọ̀ tí kò ráyè dáná. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀. Aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú náà, kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó rà á.

Ilé ìta oògùn

Bí ẹ bá ń lo oògùn kankan déédéé, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Páúdà orí pẹpẹ wọn lè má pọ̀, owó rẹ̀ sì lè ga díẹ̀, àmọ́ apòògùn wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni ìmọ̀ràn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́.

Ìyá àgbà kan wá bá mi nígbà kan, wọ́n fẹ́ ra páúdà sóyà torí pé eyín kò jẹ́ kí wọ́n lè jẹ ẹran mọ́. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, oògùn wo lẹ ń lò?" Wọ́n mú un jáde nínú báàgì: levothyroxine, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí thyroid rẹ̀, ìyẹn ẹṣẹ́ kan nínú ọrùn, kò ṣiṣẹ́ tó. Sóyà lè dí oògùn yẹn lọ́wọ́ kó má wọ ara bó ṣe yẹ. Calcium àti iron náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn apòògùn fi máa ń ní kí wákàtí 4 wà láàárín wọn àti oògùn náà. Mo bẹ ìyá pé kí wọ́n lọ bá apòògùn wọn kí wọ́n tó san kọ́bọ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ wọn tí apòògùn kọ wákàtí oògùn àti wákàtí páúdà sí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Olùtajà bíi tèmi kò gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ yẹn ṣe mọ́ apòògùn lọ́wọ́. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, torí pé fítámì K tí wọ́n ń pò mọ́ àwọn àfikún oúnjẹ kan lè ba iṣẹ́ oògùn náà jẹ́.

Súpámákẹ́ẹ̀tì

Oúnjẹ gan-an ni kí ẹ lọ rà níbẹ̀: òótì, ẹ̀pà, ẹ̀wà, yọ́gọ́ọ̀tì, ẹja inú agolo. Ọjà wọn ń yára tán, tuntun sì ni wọ́n máa ń kó síbẹ̀. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ẹ kì í sábà rí ẹni tí ẹ máa bi ní ìbéèrè, nítorí náà ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ka ara páálí.

Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú páálí, ìpolówó ni. Èyí tí òfin ní kí wọ́n kọ wà lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kà. Bí wọ́n ṣe ń to àwọn èròjà ni pé èyí tó wọ̀n jù lọ ló ń ṣíwájú. Bí wọ́n bá pe búrẹ́dì ní ti ọkà odindi, tó sì jẹ́ pé ìyẹ̀fun funfun ló kọ́kọ́ wà nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà, àwọ̀ ló dúdú, búrẹ́dì funfun ni. Granola, ìyẹn òótì yíyan aládùn, tí wọ́n ya òkè àti oòrùn sí lára lè kún fún ṣúgà tí wọ́n pín sí orúkọ mẹ́ta mẹ́rin: glucose syrup, dextrose, oyin. Ẹ ka gbogbo wọn pọ̀. Bọ́tà ẹ̀pà tó dára kò nílò ju ẹ̀pà lọ, bóyá iyọ̀ díẹ̀. Bí òróró bá léfòó lórí rẹ̀, kò bàjẹ́, ẹ rò ó pọ̀.

Epo ẹja ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Wọ́n á kọ 1000 mg gàdàgbà síwájú ìgò, àmọ́ ìwọ̀n epo inú hóró kan nìyẹn. EPA àti DHA, ìyẹn ọ̀rá omega-3 inú epo ẹja, lẹ ń wá, nínú hóró epo tó wọ́pọ̀, àpapọ̀ àwọn méjèèjì kì í ju nǹkan bíi 300 mg lọ. Ẹ yí ìgò padà kí ẹ wò ó. Bí ẹ bá délé, tí ẹ gé hóró kan, tó sì ń rùn bí ẹja tó ti rà, ẹ dá a padà.

Irúgbìn flax odindi máa ń pẹ́ ju èyí tí wọ́n ti lọ̀ lọ, torí òróró inú rẹ̀ tètè ń kan bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Ẹ ra odindi, kí ẹ lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ní àìsàn celiac, ìyẹn àìsàn ìfun tí gluten, purotéènì inú àlìkámà, máa ń dá sílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ra òótì lásán. Àfi èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní gluten, torí òótì àti àlìkámà sábà máa ń dàpọ̀ lóko àti nínú ẹ̀rọ.

Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta àfikún oúnjẹ

Ilé tèmi nìyí, mo sì mọ ibi tó dára sí àti ibi tó ti yẹ kí ẹ la ojú. Ibí yìí lẹ ti máa rí oríṣi tó pọ̀ jù, tí ẹ ó sì rí ẹni tó lè ṣàlàyé. Àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fún olùtajà ní owó ìṣírí lórí ọjà tiwọn. Nítorí náà, bí ẹ bá bi olùtajà ní ìbéèrè tí kò sì ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó gbé ike tó tóbi jù sí yín lọ́wọ́, ẹ gbé e padà.

Ẹ fi ìbéèrè dán an wò. Ẹ sọ fún un pé wàrà máa ń da inú yín rú, kí ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ. Ẹni tó mọṣẹ́ á sọ pé nínú whey, ìyẹn purotéènì tí wọ́n yọ látinú wàrà, concentrate ní lactose, ìyẹn ṣúgà inú wàrà, ju isolate, èyí tí wọ́n túbọ̀ sẹ́ mọ́, lọ, pé concentrate tó wọ́pọ̀ ní purotéènì bíi 80 nínú 100, isolate sì ní 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè fi èyí tí wọ́n fi ẹ̀wà pea àti ìrẹsì ṣe hàn yín, kó sì ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ń pa méjèèjì pọ̀: nínú àwọn amino acid, ìyẹn àwọn ègé tó para pọ̀ di purotéènì, lysine kéré nínú ìrẹsì, methionine kéré nínú pea, ọ̀kan ń dí àléébù èkejì. Ẹ béèrè collagen, purotéènì tí wọ́n ń rí látinú awọ àti egungun ẹran, lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sọ pé ó lè rọ́pò whey fún ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣan, kò mọ̀ ọ́n, torí collagen kò ní amino acid tí wọ́n ń pè ní tryptophan rárá, ara kò sì lè fi í nìkan kọ́ iṣan.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí wọ́n kó ọjà sí. Ike tó wà lójú fèrèsé tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò yẹ ní rírà. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń ba lysine inú páúdà wàrà jẹ́, á sì mú kó dì ní kókó. Mo máa ń mú ike tó wà lẹ́yìn pátápátá, kí n wo déètì rẹ̀, kí n fi wé èyí tó wà níwájú. Bí gbogbo wọn bá ti fẹ́ẹ̀ kọjá àsìkò, ọjà kì í tà níbẹ̀.

Ẹ̀dínwó lórí ọjà tí déètì rẹ̀ ti sún mọ́lé kò burú bí ẹ bá máa lò ó tán kó tó di ọjọ́ náà. Ike tó ní ìwọ̀n 30 (ìwọ̀n kan ni èyí tí wọ́n ní kí ẹ lò lẹ́ẹ̀kan), bí ẹ bá ń lo ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, oṣù kan ni. Ẹ ṣírò rẹ̀ níbi káńtà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ kò tíì mu irú rẹ̀ rí, ẹ ra ọ̀rá kékeré tàbí sáṣẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan ná. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ike ńlá tí wọ́n mu ẹ̀ẹ̀mejì, tí wọ́n sì gbé sórí kọ́bọ́ọ̀dù títí ó fi bàjẹ́, nítorí adùn rẹ̀ kò bá wọn lára mu tàbí inú wọn ń kùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ kooshi ní jíìmù

Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni mo ní síbi. Bí kooshi yín bá ń tà á, ẹ bi í pé ọwọ́ ta ló ti rà á, kó sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí owó. Bó bá ṣe pé inú ọ̀rá lásán ló ti ń wọ̀n ọ́n, ẹ má rà á, bó ti wù kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé e tó. Páúdà tí wọ́n ti dà kúrò nínú ike tirẹ̀ kò ní déètì, kò ní nọ́ńbà báàṣì, kò sì sẹ́ni tó lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà báàṣì yìí ni ilé iṣẹ́ fi ń mọ àsìkò tí wọ́n po èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n kó ọjà kan padà láti ọjà, òun ni wọ́n máa kéde.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ibi tó fọkàn balẹ̀ jù ni ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é fúnra rẹ̀, tàbí ti olùtajà tí ilé iṣẹ́ náà kọ orúkọ rẹ̀ sí ìkànnì tirẹ̀ pé aṣojú òun ni. Ní àwọn ọjà ńlá bíi Amazon, olùtajà mìíràn lè máa lo àyè kan náà, nítorí náà ẹ wo orúkọ ẹni tó ń tà á gan-an kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Whey ń wá láti ara wàrà, òun ló ń ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá ń ṣe wàràkàṣì, owó rẹ̀ kò sì lè jìnnà jù sí ti àwọn olùtajà yòókù. Bí ẹnì kan bá ń tà á ní ìdajì owó tí gbogbo ayé ń tà á, ẹ bi í ní déètì rẹ̀, kí ẹ sì ní kó fi fọ́tò ìsàlẹ̀ ike ránṣẹ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ti rà á, èyí tí inú wọn kò dùn ni mo máa ń kà. Ẹ wá àwọn tó sọ̀rọ̀ nípa ìdérí tó ti ṣí, àwọ̀ tó yàtọ̀, tàbí adùn tó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ní ti àwọn gbajúmọ̀ tó ń gbé ike sókè nínú fídíò, ilé iṣẹ́ sábà máa ń sanwó fún wọn.

Ohun tí mo ń wò lára ike níbikíbi

Ibí yìí ni owó yín wà, ẹ fara balẹ̀. Ẹ mú ike méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ̀n ní gíráàmù 900, tí owó wọn sì dọ́gba. Ti àkọ́kọ́ ní ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ gíráàmù 30, purotéènì 24 sì wà nínú rẹ̀: ìwọ̀n 30 ni ike náà, àpapọ̀ purotéènì rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 720. Ti èkejì ní ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ gíráàmù 45, purotéènì 20 ló wà níbẹ̀: ìwọ̀n 20 péré, àpapọ̀ purotéènì 400. Ẹ pín owó ike sí iye gíráàmù purotéènì inú rẹ̀, ìyẹn ni owó tí ẹ ń san gan-an. Ẹ má wo bí ike ṣe tóbi tó, torí páúdà máa ń fìdí múlẹ̀ lójú ọ̀nà, ìlàjì ike lè ṣófo. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí ẹ gbà. Èyí tí wọ́n ń pè ní mass gainer, páúdà tí wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ wọ̀n sí i, maltodextrin, ìyẹn sítáàṣì tí ara ń yára sọ di ṣúgà, ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ sanra lè rí èyí nínú oúnjẹ ilé.

Ẹ̀tàn kan wà tí ó ń bí mi nínú. Láti mọ iye purotéènì, wọ́n máa ń wọn naítírójìn inú páúdà, wọ́n á sì sọ ọ́ di ìlọ́po 6.25 tàbí nọ́ńbà tó sún mọ́ ọn. Ẹ̀rọ kò bìkítà ibi tí naítírójìn ti wá. Nítorí náà àwọn kan ń po glycine tàbí taurine, èròjà olówó pọ́ọ́kú tó ní naítírójìn, mọ́ ọn kí nọ́ńbà lè ga. Irú àyè yìí náà ni wọ́n lò ní Ṣáínà ní 2008, nígbà tí wọ́n bu omi sí wàrà, tí wọ́n sì po melamine, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe ike, mọ́ ọn kó lè dà bíi pé purotéènì rẹ̀ pé. Àwọn ọmọ ọwọ́ bíi 300,000 ṣàìsàn, 6 nínú wọn kú. Glycine kò ní pa yín, àmọ́ ẹ ti sanwó ohun tí ẹ kò rí gbà. Bí ẹ bá rí i, tàbí taurine, nínú àwọn èròjà tó ṣíwájú, ẹ gbé ike náà sílẹ̀. Bí wọ́n bá to àwọn amino acid sára ike, ẹ wá leucine: purotéènì whey gíráàmù 25 yẹ kó ní nǹkan bíi 2.5 rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ "proprietary blend" tí wọn kò sọ iye èròjà kọ̀ọ̀kan, èmi kì í rà á.

Ní Amẹ́ríkà, òfin 1994 lórí àfikún oúnjẹ kò ní kí FDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, kọ́kọ́ fọwọ́ sí ọjà kó tó jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá àmì àwọn tó ń yẹ ọjà wò tí wọn kì í ṣe ara ilé iṣẹ́ náà: Informed Sport, NSF Certified for Sport, USP. Wọ́n lè ya àmì náà lé ike lásán, nítorí náà ẹ wọ ìkànnì àjọ náà fúnra rẹ̀, kí ẹ wá orúkọ ọjà. Informed Sport ń jẹ́ kí ẹ wá nọ́ńbà báàṣì pàápàá. Eléré ìdárayá tí wọ́n lè yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò kò gbọ́dọ̀ ra ohun tí kò ní àmì Informed Sport tàbí NSF Certified for Sport, torí lábẹ́ òfin WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn tí kò tọ́ nínú eré ìdárayá, òun ló máa dáhùn fún ohunkóhun tí wọ́n bá bá nínú ara rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé kò mọ̀. Àyẹ̀wò NSF àti USP tún wúlò fún ẹni tó fẹ́ràn páúdà tí wọ́n fi irúgbìn ṣe, torí irúgbìn máa ń fa òjé àti cadmium, àwọn irin tó léwu fún ara, látinú ilẹ̀.

Bí ó bá ti délé

Ẹ kọ́kọ́ wo ìdérí. Bí bébà abẹ́ rẹ̀ bá ti ya tàbí tí wọ́n tún un lẹ̀, ẹ má fẹnu kàn án. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ti whey máa ń dà bíi ti wàrà díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kan, kò sì gbọ́dọ̀ dà bíi ti páálí tó tutù. Ẹ gbé e síbi tó gbẹ, jìnnà sí sítóòfù, ẹ má sì fi ṣíbí tútù bu ú.

Ẹ ya fọ́tò ìsàlẹ̀ ike níbi tí déètì àti nọ́ńbà báàṣì wà, kí ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí owó pẹ̀lú rẹ̀ títí páúdà á fi tán. Bí ara yín bá yún, tí inú yín bá dàrú gan-an, tàbí tí ẹ bá rí ohun tí kò yẹ nínú rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má da èyí tó kù nù. Ẹ gbé ike náà dání lọ sọ́dọ̀ dókítà bí ó bá le, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á, kí ẹ sì fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ ní orílẹ̀-èdè yín, kí wọ́n lè rí báàṣì yẹn mú kó tó dé ọwọ́ ẹlòmíràn.